Ìwé Tí Mo Kọ Pé Kò Sí Odò

Kí n tó mọ lọ́yà kankan, ohun tí mo rò pé iṣẹ́ wọn jẹ́ ni kí èèyàn wọ aṣọ dúdú, kó dé irun funfun lórí, kó sì máa fi òyìnbó ńlá bú ẹlòmíì. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bàtà rọ́bà tó dé orúnkún ló wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ àgbàlá wa ní Ìkòsí. Obìnrin ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń wo ewé kókò. Mo rò pé ó wá ra ewé ni.

"Ta ló gbin kókò yìí?" Kò tíì kí mi tán tó fi bi mí.

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín, mà. Ó kàn hù ni."

"Láti ìgbà wo?"

Èmi ò mọ̀. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí mo délé ọkọ. Mo pọn ọmọ mi tí kò tíì lè jókòó, mo ń fi garawa gbọ́n omi kúrò nínú yàrá, ẹnì kan wá ń bi mí nípa kókò! Inú bí mi. Síbẹ̀, nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo kókò yẹn dáadáa, torí mo fẹ́ mọ ohun tó rí níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló lọ pè é wá láti ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹtẹ́ẹ̀sì kan ní Kétu. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ omi ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹjọ́ tiwa kò lọ́jú pọ̀. Odò kékeré kan ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, ó ń ti ìhà Ṣangiṣa bọ̀, ó ń lọ sínú irà tó wà lẹ́yìn Máìlì Twelve. Létí odò yẹn ni Màmá, ìyá ọkọ mi, àti àwọn obìnrin àdúgbò ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fùfú. Wọ́n ri ìkòkò ńláńlá mọ́ ibi tí omi ti ń ṣàn, olúkúlùkù mọ tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù wá ra ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, típà bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn. Ẹ̀gẹ́ Màmá ṣì wà nínú ìkòkò nígbà tí iyanrìn bò ó. Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, a ò rí ojú odò mọ́. Nígbà tí òjò wá dé, omi wá ọ̀nà tirẹ̀ títí, kò rí, ló bá wọlé wá bá wa. Ilé amọ̀ sì ni ilé wa, sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Ògiri tó wà níbi tí mo ń tẹ́ ọmọ sí ti ń wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Bí òjò ọdún kan sí i bá bá a báyẹn, ilé á wó, a ò sì ní ibòmíràn.

Lọ́yà yẹn ń wá lemọ́lemọ́, mo sì ń tẹ̀ lé e kiri bí ọmọ adìyẹ. Ó ní ọ̀pá kan tó fi ọ̀bẹ ké ìlà sí lára, tó fi ń wọn ibi tí omi dé lára ògiri kọ̀ọ̀kan. Ó ń béèrè ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké jù. Ó ní kókò kì í kàn hù síbi gbígbẹ, pé bí ọkùnrin oníbúlọ́ọ̀kù àtàwọn èèyàn rẹ̀ bá ní odò ò gba ibẹ̀ rí, kí wọ́n wá sọ bí kókò ṣe débẹ̀.

"Ṣé ibi tí ẹ ti kọ́ òfin ni wọ́n ti kọ́ yín ní kókò, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹjọ́ tí mo pàdánù ló kọ́ mi." Ó ní ẹjọ́ ilẹ̀ tí òun kọ́kọ́ dá gbà, inú ìwé nìkan lòun ti kà á. Òun dúró ní kóòtù, òun ń rojọ́ lórí oko ọ̀pẹ kan láti àárọ̀ dé ọ̀sán, òun ò mọ̀ pé iná ti jó oko náà tipẹ́, pé ilé ló wà lórí ẹ̀. "Akọ̀wé kóòtù pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ ra bàtà yìí."

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi bù máṣọ lọ́jọ́ tó wọlé tí kò rẹ́rìn-ín, tó na bébà kan sí èmi àti Màmá.

"Lọ́yà tiwọn ló mú èyí wá sí kóòtù. Ta ló kọ ọ́?"

Mo mọ ìwé ọwọ́ mi. Mo fa ìrù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn dáadáa, bí tíṣà ṣe kọ́ wa ní Fọ́ọ̀mù Fáìfù: *Àwa tí a tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí ń jẹ́rìí pé a kò mọ odò kankan ní àdúgbò yìí.*

"Èmi ni, mà."

Mi ò gbé ojú sókè nígbà tí mo ń ṣàlàyé. Nínú ọyẹ́, kí típà tó dé, ọkùnrin kan wá bá wa, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò kakí, fáìlì lábẹ́ apá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé odò wà nítòsí ibí?" Ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti fáìlì! Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé wolé-wolé ni. Wolé-wolé ti da ẹ̀gẹ́ wọn nù rí, wọ́n ti kó méjì nínú wọn lọ sí kóòtù rí, wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ń ba omi jẹ́.

"Odò kẹ̀?" Màmá ló kọ́kọ́ dáhùn. "Omi kànga la ń lò."

"Ẹ̀gẹ́ ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Ìyá mìíì láàárín wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rùn fùfú.

Ọkùnrin náà ní, ó dáa, ta ló lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun? Ni gbogbo wọn bá ń tì mí síwájú. "Ìyàwó wa ni! Alákọ̀wé ni!" Orí mi wú. Mo kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ka. Nígbà tó lọ tán, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A ní a ti tàn án jẹ. A ò mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ló rán an.

Lọ́yà jókòó sórí àpótí Màmá. Mo rò pé ó máa bú mi. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rín in títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá a padà sójú.

"Àbúrò mi, àfi kí o wá sọ ọ́ ní kóòtù bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Mi ò lè ṣèlérí pé adájọ́ ò ní bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n bí o ò bá wá, bébà yìí nìkan ló máa sọ̀rọ̀."

Mo sọ fún ọkọ mi pé wọ́n lè tì mí mọ́lé. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo fa ìrù lẹ́tà gùn?" Ó tún wá gbé ọmọ lọ́wọ́ mi, kò gbé e sílẹ̀ títí tó fi sùn.

Ní kóòtù ní Ìkẹjà, lẹ́yìn tí mo búra tán, lọ́yà tiwọn dìde sí mi. Ọkùnrin arẹwà ni, ohùn rẹ̀ dùn.

"Màdáàmù, ṣé ẹ lọ iléèwé?"

"Mo lọ, sà."

"Ṣé ẹnì kan nà yín kí ẹ tó kọ ìwé yìí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ìgbà yẹn lẹ purọ́, àbí ìsinsìnyí?"

"Ìgbà yẹn ni, sà."

"Nítorí kí ni?"

"A rò pé wolé-wolé ni, sà."

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọrùn síwájú. "Kí lẹ ń fi pamọ́ fún wolé-wolé?"

Mo wo Màmá lórí bẹ́ǹṣì. Ó mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́.

"Ẹ̀gẹ́ ni, sà. A ń rẹ ẹ́ sínú odò."

"Odò tí kò sí?"

"Odò tó wà, sà."

Lọ́yà wa dìde wẹ́rẹ́, ó ní kí adájọ́ jọ̀wọ́ wá fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ náà. Adájọ́ gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, Màmá rìn sórí iyanrìn yẹn, ó wo igi àgbálùmọ̀ kan, ó wo igun ilé wa, ó sún sápá òsì díẹ̀, ó ní, "Ibí." Lébìrà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Wọ́n gbẹ́ títí iyanrìn fi dé ìbàdí wọn. Lọ́yà tiwọn ń wo aago. Mo wo lọ́yà wa, mo rí i pé ó ti di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn, ó sì ń fi bàtà rọ́bà rẹ̀ ha ilẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba òun náà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ṣọ́bìrì kan nǹkan: *kò!* Òórùn jáde kí ìkòkò tó jáde. Adájọ́ fi áńkáṣíìfù bo imú. Lọ́yà arẹwà yẹn fi ẹ̀yìn rìn.

"Ẹ má bínú, sà," Màmá sọ fún adájọ́, "ó ti kan díẹ̀."

A jàre. Adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n la ojú odò náà padà, wọ́n sì là á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Omi kúrò nínú yàrá wa. Ṣùgbọ́n adájọ́ sọ gbólóhùn kan sí i: nígbà tí odò ti wà, òfin wà fún un, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀ mọ́. Ẹnu èmi ni ó ti gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin kan ò dá mi lóhùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n ní ìyàwó alákọ̀wé ti fi ìwé bà wọ́n jẹ́, ó tún ti fi ẹnu bà wọ́n jẹ́.

Ó dùn mí. Mo gòkè lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà ní Kétu.

"Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé adájọ́ lè fòfin de ẹ̀gẹ́ wa?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún wa?"

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Mo sọ fún ìyá ọkọ ẹ kí a tó lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n sọ ọ́. Mo ní ó lè jẹ́ ilé lẹ máa rí gbà, kí ẹ pàdánù odò. Ó ní ilé lòun fẹ́, nítorí ọmọ ẹ. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, pé bí o bá mọ̀, àánú òun á ṣe ẹ́, wàá sì kólòlò níwájú adájọ́."

Nígbà tí mo délé, Màmá ti ra dúrọ́ọ̀mù kan láti Ọjọ́ta tí yóò máa rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ó ń yí i lọ sẹ́yìn ilé.

"Kí ni lọ́yà wí?" ló bi mí.

"Kò wí nǹkan kan, Màmá. Ó ní kí n kí yín."

Ó ní kí n wá di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Mo bá a dá dúrọ́ọ̀mù náà dúró, a bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi kànga sínú rẹ̀, èmi pẹ̀lú garawa méjì, òun pẹ̀lú ẹyọ kan.