Sèrénéèdì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gọ́tà

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ n'Ìbà, ọkàn mi sì ti yan akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó háyà yàrá l'Ókokomáikò. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju oúnjẹ inú ìkòkò rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun máa wá ṣe sèrénéèdì fún mi. Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní orin ìfẹ́ tí ọkùnrin ń kọ lábẹ́ fèrèsé olólùfẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni, pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ló ti wá, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ojú sánmà tó mọ́, tí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́.

Pa rọ́rọ́ kẹ̀? Nítòsí Ìyànà Ìbà, tí jẹnẹrétọ̀ ń bá ohùn kọ̀ndọ́ dánfó jà! Síbẹ̀, inú mi dùn. Mo gbà pé ẹni tó bá lè kọrin fún mi lójú ayé, yóò fẹ́ mi.

Nígbà tó dé abẹ́ fèrèsé ilé wa, àárín gọ́tà àti ewúrẹ́ lanlọ́ọ̀dù ló ráyè dúró sí. Ó gbé gìtá tó yá ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò burú, ẹ̀fọn ni ò gbà fún un. Bó bá kọ ìlà kan, á gbá ara rẹ̀ létí. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì yọjú.

“Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ̀ ń ta oògùn eku yẹn?”

Bàbá mi náà jáde. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n. “S” ni “ṣ” máa ń dà lẹ́nu wọn.

“Kí lo ń se níbẹ̀ yẹn?”

“Ẹ káalẹ́, sà. Sèrénéèdì ni, sà.”

“Seré kí ni? Ọmọ mi lo wá bá seré níta?”

Ojú tì mí, mo sáré jáde. “Bàbá, kì í ṣe eré o! Orin ìfẹ́ ni. Èdè àwọn ará Ítálì ni.”

Bàbá mi wò mí, wọ́n wo òun náà. Ohùn wọn rọlẹ̀.

“Ó daa. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ mi kì í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Wọlé, kó o jókòó, kó o sọ ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ ń bọ̀.”

Olólùfẹ́ mi wo ilẹ̀kùn bí ẹni wo ẹnu kànga. Ó bọ́ gìtá lọ́rùn.

“Ẹ má bínú, sà. A kàn ń ṣeré ni.”

Ó pe “ṣeré” yẹn kedere, kò sẹ́ni tó lè ní òun ṣì í gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Bàbá mi, tí mo ti ń tijú nítorí wọn, ni wọ́n di ọwọ́ mi mú wọlé.