Ẹ́ńjìnnì Inú Ṣẹ́ẹ̀dì Aládùúgbò Wa

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi tún alùpùpù ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó mú wọn wá sí Mulhuddart, ní ìlú Dublin ní Ireland. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, bàbá òyìnbó tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ahéré kékeré tó ń kó irinṣẹ́ sí. Bàbá mi rí ẹ́ńjìnnì alùpùpù kan lórí tábìlì, wọ́n sì jáde láìwọ bàtà.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní irú èyí," ni wọ́n ní kí n sọ fún un. "Ọwọ́ òyìnbó tó ń padà sílé ló ti rà á."

Aládùúgbò wa ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni iléeṣẹ́ tó ṣe é ní England ń ṣe láyé ọjọ́un. Àwọn tó ń ṣe alùpùpù á rà á, wọ́n á kọ orúkọ tiwọn sára táǹkì. Nígbà tí àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra wọn, iléeṣẹ́ náà kú.

Òun àti bàbá mi ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jọ fi oṣù mẹ́rin tú u palẹ̀ láti tún un ṣe. Písítìnì tí wọ́n bèèrè fún gba èbúté Dublin wọlé. Kò bá a mu. Èkejì náà kò bá a mu. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi rí i pé ara irin ẹ́ńjìnnì ti sán, pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo sọ fún òyìnbó náà. "Grand," ló wí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbí bí nǹkan dára, bí kò dára. Wọ́n ṣì ń nù ún lójoojúmọ́.

Ìgbà tó yá, aládùúgbò wa ṣubú ní ilé ìdáná, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Ọmọ rẹ̀ wá láti ìlú Cork, ó ń kó gbogbo ẹrù ṣẹ́ẹ̀dì dà nù. Mo sáré lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ fún wa.

"Kí ló ní?" ni bàbá mi bèèrè.

"Ó ní pàǹtí ni, sà."

"Kò parọ́."

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, a lọ kí ọ̀rẹ́ wọn. Kò dá wa mọ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń yí sípánà. Ògiri ló ń wò.

Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo máa mú wọn padà sílé. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn wọn ò lè gba ọkọ̀ òfuurufú mọ́.

"Láìpẹ́, sà," ni mo wí.