Ẹni Tí Yóò Ṣíwájú Lọ sí Bilma

Algabit, tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Kano, kò rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Bilma, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kì í ti í rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ní Timia, láàárín àwọn òkè dúdú, ọ̀nà iyọ̀ ni oko bàbá rẹ̀, òun náà sì ni oko bàbá bàbá rẹ̀. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí koríko sì pọ́n, ọkùnrin kì í ro ohun méjì mọ́. Jéró ni yóò dì lé ràkúnmí lọ sí Bilma, iyọ̀ àti dàbínù ni yóò dì bọ̀, aṣálẹ̀ Tenere a sì wà láàárín àlọ àti àbọ̀, láìsí ewé, láìsí òjìji.

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù ni ó ti ń rìn lẹ́yìn Bàbá Attaher, aṣíwájú ọ̀wọ́ ràkúnmí Timia. Bí Attaher bá gbójú sókè wo ìràwọ̀, Algabit náà a gbójú sókè. Bí Attaher bá bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́ tí ó sì gbóòórùn rẹ̀, Algabit náà a bu tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ojú bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kò sí ẹni tí ó bi Algabit léèrè bí yóò bá gba ipò náà, òun pàápàá kò sì bi ara rẹ̀. Láwàní tuntun ni ó rà, èyí tí wọ́n rẹ sínú aró títí tí ó fi ń dán bí ìyẹ́ apá ẹyẹ, ó sì ń retí.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin péjọ sábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún láti ṣètò ìrìn-àjò ọdún náà, Algabit wé láwàní ọ̀hún lọ. Attaher mu ife tíì kìíní, ó mu ìkejì, ó gbé ife sílẹ̀.

“Ojú mi ti di ojú ewúrẹ́ tó jókòó sínú èéfín,” ó wí. “Mahmudan ni yóò ṣíwájú yín.”

Algabit kọ́kọ́ rò pé etí òun ni kò gbọ́ dáadáa. Mahmudan kò tó o lọ́jọ́ orí. Algabit ni ó kọ́ ọ bí a ti ń so ẹrù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ràkúnmí tí kò fi ní bó ẹranko náà lára. Ìyá Algabit ni ẹ̀gbọ́n bàbá Mahmudan. Ní Timia, aláwàdà ara wọn ni irú ẹbí bẹ́ẹ̀ títí ayé. Èkíní lè bú èkejì ní gbangba, ó lè já ẹran gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè fa ràkúnmí rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Ẹni tí a ṣe é sí kò gbọdọ̀ bínú. Ẹ̀rín ni yóò rín, nítorí ẹni tí ó bá fajú ro ti di ẹni ẹ̀sín.

Mahmudan sì ti rí láwàní náà.

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi,” ó wí, “ta lò ń lọ gbé níyàwó? Rahmata mọ̀ sí i?”

Gbogbo àwùjọ rẹ́rìn-ín. Algabit náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ni ó fi rín in.

“Ìyá rẹ ló ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n bá òun sìn ọ́ dé Bilma, torí ọmọ òun ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.”

“Ìwọ lo kọ́ mi. Òsì nìkan lo kọ́ mi dé.”

Àwọn àgbà nu omijé ẹ̀rín. Algabit jókòó láàárín wọn, ohun kan sì ń jẹ ẹ́ láyà bí ìgbà tí kòkòrò bá wọ inú igi.

Nígbà tí ó padà délé, Rahmata, aya rẹ̀, ń gún wàrà gbígbẹ pọ̀ mọ́ jéró àti dàbínù, ohun tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń pò mu lórí ìrìn láìdúró.

“Kí ló ní tí mi ò ní?” Algabit bi í.

“Bàbá Sidi, ẹ lọ bi Bàbá Attaher.”

“Ìwọ ni mo bi.”

Rahmata gún odó díẹ̀ sí i. “Ó máa ń dúró de ẹran tó bá ń tiro. Ní tiyín, ẹ máa ń dé ìdí kànga kí àwọn tó tẹ̀lé yín tó dé.”

“Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn yára ni?”

“Mi ò pè é lẹ́ṣẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ọmọ odó má bà yín.”

Láti ọjọ́ náà ni ojú Algabit ti kúrò lára iṣẹ́ tirẹ̀. Bí Mahmudan bá jókòó ti àwọn àgbà láti bi wọ́n léèrè ibi tí yóò fi koríko tí ràkúnmí yóò jẹ ní àbọ̀ pamọ́ sí nínú aṣálẹ̀, Algabit a ti mọ ẹni tí ó bù tíì fún un. Arákùnrin bàbá Algabit pàápàá gbé okùn imọ̀ ọ̀pẹ tí ó le jù lọ fún Mahmudan, ó sì gbé èyí tí ó kù fún òun. Lọ́jọ́ kan, Mahmudan gba ẹ̀yìn ilé Algabit kọjá, ó rí okùn náà lórí ẹ̀ka igi, ó ká a mọ́ ọrùn.

“Mo gba èyí náà. O ò nílò rẹ̀, gbólóhùn rẹ gùn tó láti so ọ̀wọ́ ràkúnmí kan.”

“Mú un lọ,” Algabit dáhùn. “Bí o bá sọnù, a ó rí ohun tí a ó fi fà ọ́ wálé.”

Ó rẹ́rìn-ín títí Mahmudan fi kọjá igun. Ìgbà náà ni ó pinnu pé òun kì yóò tẹ̀lé e. Òun yóò kó ọ̀wọ́ tòun jọ, òun yóò ṣíwájú rẹ̀ wọ Bilma, òun yóò sì ṣa iyọ̀ tí ó dára jù kí ẹni tí wọ́n pè ní aṣíwájú tó dé. Ìwọ̀nba agbo ilé díẹ̀ ni ó gbà láti bá a lọ, àbúrò rẹ̀ Boula sì wà lára wọn, nítorí pé kò mọ bí a ti ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹni pé rárá.

Ẹni tí yóò bá kọ́kọ́ lọ ni yóò kọ́kọ́ gé koríko, nítorí pé ràkúnmí kò rí ohunkóhun jẹ ní Tenere àfi èyí tí ó bá rù sẹ́yìn ara rẹ̀. Àwọn ará Timia kì í sì í gé e títí yóò fi pọ́n, tí èso rẹ̀ yóò máa dà sílẹ̀ bí a bá fọwọ́ gbá a. Algabit kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí àfonífojì nígbà tí ìdí koríko ṣì tutù.

Boula ṣẹ́ ọ̀kan, ó tẹ ẹ́ mọ́ ìka. “Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ṣì ń mumi.”

“Oòrùn á gbẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.”

“Oòrùn kì í wọ inú ìdì tí a bá so le.”

“Ṣé Mahmudan ló rán ẹ sí mi ni?”

Boula fa dòjé rẹ̀ yọ. Wọ́n gé e, wọ́n so ó le dáadáa, wọ́n sì jáde ní Timia ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ti Mahmudan ṣì ń dúró de koríko tiwọn. Inú Algabit dùn. Kò wẹ̀yìn.

Ní ibi tí òkè ti parí, tí ilẹ̀ sì tẹ́ lọ rẹrẹ, kànga kan wà tí gbogbo ọ̀wọ́ máa ń dúró sí kí ràkúnmí lè mumi yó. Níbẹ̀ ni Boula ti ki ọwọ́ bọ inú ìdì kan, ó sì fà á yọ kíá bí ẹni tí ó fọwọ́ kan àdògán gbígbóná. Wọ́n gé okùn ìdì náà. Koríko inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti bu funfun, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti awọ tí ó jẹrà. Wọ́n tú èkejì, wọ́n tú ẹ̀kẹta. Akọ ràkúnmí tí ó máa ń ṣíwájú fi imú kàn án, ó sì yí orí padà.

Kò sí ẹni tí ó dá Algabit lẹ́bi, èyí sì burú ju ẹ̀bi lọ. Ó jókòó, ó sì rò ó. Bí ó bá padà sí Timia, wọn yóò ti gé koríko àfonífojì náà tán, ọdún yóò sì kọjá láìsí iyọ̀ fún àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ó bá wọ Tenere bẹ́ẹ̀, egungun ràkúnmí wọn yóò di àmì ọ̀nà fún ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù, kí ó bẹ Mahmudan.

Wọ́n ti lo ọjọ́ mélòó kan nídìí kànga náà kí ọ̀wọ́ Mahmudan tó dé, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀. Algabit dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ti to ọ̀rọ̀ mélòó kan jọ. Mahmudan wo koríko dúdú tí ó wà nílẹ̀, ó wo ojú Algabit, ó sì yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

“Ẹ wo ràkúnmí tó dára báyìí. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, nítorí náà, tèmi ni. Mo ti kó gbogbo wọn.” Ó mú okùn akọ ràkúnmí Algabit, ó sì so ó mọ́ èyí tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀. “Ẹ fún wọn lóúnjẹ, kí ohun tí mo jí má baà rù. Ẹni tó ni wọ́n lè máa sunkún tẹ̀lé wọn bọ̀, bó bá fẹ́.”

Ẹ̀rín sọ. Àṣà kò fún Algabit láyè láti ṣe ju kí ó rín tirẹ̀ lọ.

“Olè ni ẹ́,” ó wí. “Bí wọ́n ṣe ń bí wọn nílé yín nìyẹn.”

“Ilé wa náà ni wọ́n bí ìyá rẹ sí.”

Wọ́n rín in títí ràkúnmí fi yí orí wò wọ́n. Àwọn ènìyàn tú ìdì koríko pupa, olóòórùn dídùn, sílẹ̀ níwájú àwọn ràkúnmí tí wọ́n jí, kò sì sí ẹni tí ó bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n wọ Tenere. Mahmudan ń lọ níwájú, Algabit sì wà ní ìdí ọ̀wọ́ pátápátá, níbi tí eruku gbogbo ń bọ́ sí. Ó mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ òun ni ó bá Mahmudan nídìí koríko jíjẹrà, ohun tí òun ìbá kọ́kọ́ ṣe ni láti bèèrè ta ni ó gé e. Òun ìbá bèèrè rẹ̀ sókè. Ìlara tí ó ń ṣe nítorí ipò kéré sí èyí tí ó ń ṣe báyìí, nítorí pé a lè gba ipò lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n a kò lè gba ìwà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án gangan, orí ọ̀wọ́ náà yà díẹ̀ sí apá òsì. Mahmudan ti ṣìnà, Algabit wí nínú ara rẹ̀, ayọ̀ sì ń gùn ún bọ̀. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wò ó dáadáa. Iyanrìn rírọ̀ ni ó rí níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, tuntun, tí afẹ́fẹ́ ọdún náà kó jọ, èyí tí ìbá gbé ràkúnmí mì dé orúnkún. Mahmudan ti rí i láti òkèèrè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí?” Boula bèèrè.

Algabit fa láwàní bo ẹnu.

“Kò sí nǹkan,” ó wí. “Ó ń rìn dáadáa.”