Bí Bulọ́ọ̀gù Mi Ṣe Fi Ẹ̀rín Túfọ̀ Bàbá Tíṣà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn ohun tí mo ṣe, torí àwọn tó ń rò ó kiri Òkè-Ìlá ti ń fi iyọ̀ sí i. Kò tiẹ̀ nílò iyọ̀ rárá. Ó burú tó bẹ́ẹ̀!

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi náà ni mo wọ yunifásítì lọ kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà wò mí títí, tó ní kí n máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, bulọ́ọ̀gù àwàdà ni mò ń kọ. Ara mi ni mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí ọjà yẹn kì í tán lọ́wọ́ mi.

Ọ̀lẹ sì ni mí (ẹ má bá mi jiyàn). Mo wá ṣe sẹ́tìn kan sórí bulọ́ọ̀gù náà: ohunkóhun tí mo bá ti gbé jáde níbẹ̀, á fò lọ sórí gbogbo péèjì mi lórí sóṣà mídíà fúnra ẹ̀. Mo tún kọ ọ̀rọ̀ kan tí á máa wà lókè ẹ̀ nígbà gbogbo: "Ẹ̀rín ti dé o! Ẹ wá rín in kó tó tutù!" Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Ilé tó kángun sí tiwa ni Bàbá Tíṣà ń gbé. Àǹtí Bùnmi nìkan ni ọmọ wọn. Nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀, tí àwọn ará ilé mi ń wò mí bí àwo tó fọ́, Àǹtí Bùnmi ló gbé láàpútọ́ọ̀pù wọn àtijọ́ fún mi. Wọ́n ní kí n máa fi kọ nǹkan, pé orí mi ṣì pé. Láàpútọ́ọ̀pù yẹn náà ni mo fi ṣiṣẹ́ ibi yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àìsàn òjijì gbé Bàbá Tíṣà dé ọsibítù, wọ́n sì kú síbẹ̀. Àǹtí Bùnmi wà nílé ọkọ ní Ìyìn, pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: a kì í túfọ̀ lórí fóònù, pàápàá fún abiyamọ! Àbúrò Bàbá Tíṣà, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Kékeré, ní kí ẹnikẹ́ni má pe Ìyìn. Àwọn, ìyàwó wọn àti pásítọ̀ ló máa wọ mọ́tò lọ. Wọ́n á jẹ́ kí Àǹtí Bùnmi jẹun ná, ẹnìkan á gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó rọra sọ ọ́.

Dádì Kékeré wá kọjú sí mi. Wọ́n ní torí pé mo mọ ọ̀rọ̀ kọ, kí n kọ nǹkan tó dáa nípa Bàbá sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó jáde o, àfi tí mo bá pè ẹ́. Ṣé o gbọ́ mi, aláwàdà?"

Mo ní mo gbọ́, sà.

Mo kọ ọ́. Mo sunkún sí i. Bàbá yẹn ló kọ́ mi ní a, b, d! Mo fi fọ́tò tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, tí pákò wà lẹ́nu wọn, sí i. Ó wá ń wù mí láti rí bó ṣe máa rí lójú fóònù. Kí ló tiẹ̀ ṣe mí? Ibi tí èèyàn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò láì gbé e jáde wà níbẹ̀ gbagada! Èmi gbé e jáde, mo wò ó fìrí, mo pa á rẹ́ kíá. Mo tiẹ̀ yin ara mi pé mo yára.

Mo gbàgbé sẹ́tìn.

Kò pẹ́ tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀rín! Ẹ̀rín lóríṣiríṣi! Ohun tí mo pa rẹ́ nínú bulọ́ọ̀gù ò pa rẹ́ lórí àwọn péèjì mi. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ò rí nǹkan kan kà mọ́. Àkọlé àti fọ́tò nìkan ló kù: "Bàbá Tíṣà ti fi wá sílẹ̀", Bàbá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú pákò, "Ẹ̀rín ti dé o!" sì wà lókè. Ta ló máa mọ̀ pé òótọ́ ni? Gbogbo wọn rò pé mo tún ti gbé tuntun dé ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ fa orúkọ Àǹtí Bùnmi sí i, pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ yìí fi Dádì wọn ṣe!

Mo ń pa á rẹ́ níhìn-ín, ó ṣì wà lọ́hùn-ún. Mo pe Dádì Kékeré.

"A ti ń wọ àdúgbò wọn. Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yára. Ó ti jáde."

"Ta ló gbé e jáde?"

"Sẹ́tìn ni, sà."

"Ta ló ń jẹ́ Sẹ́tìn? Ọmọ ta ni, ní Òkè-Ìlá wa?"

Mo sáré jáde. Mo bọ́ sórí ọ̀kadà.

Dádì Kékeré ló padà ròyìn ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fún mi. Àǹtí Bùnmi ti rí i. Àǹtí Bùnmi ti rẹ́rìn-ín! Wọ́n ń pe bàbá wọn lórí fóònù, pé kí bàbá wá wo yẹ̀yẹ́ tí mo fi wọ́n ṣe. Fóònù ṣì wà létí wọn, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu wọn, nígbà tí pásítọ̀ wọlé, tí Dádì Kékeré àti ìyàwó wọn tẹ̀ lé e, tí ẹnikẹ́ni ò sì kí ọmọ tuntun.

Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ sọ?

Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Àǹtí Bùnmi jókòó sí. Wọn ò bú mi. Ì bá dáa kí wọ́n gbá mi létí! Wọ́n kàn ń wojú mi.

"Mo rẹ́rìn-ín, àbí? Bàbá mi kú, mo rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibo ni wọ́n ti ń pa ìyẹn rẹ́?

A ti sin Bàbá. Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù padà lọ fún Àǹtí Bùnmi. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, kí n ṣáà kúrò níwájú àwọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ bulọ́ọ̀gù, ẹ lọ yẹ sẹ́tìn yín wò lónìí. Ẹ̀rọ ò mọ ọjọ́ ẹ̀rín yàtọ̀ sí ọjọ́ ẹkún. Ohun tí ẹ bá sì pa rẹ́ níbì kan, ẹ má gbà pé ó ti pa rẹ́ níbi gbogbo. Èmi ti pa sẹ́tìn tèmi, nígbà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí n tó gbé eléyìí jáde, mo kọ́kọ́ mú un lọ sí Ìyìn. Ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí Bùnmi ti kà á lójú fóònù mi. Wọn ò ní kí n wọlé. Wọ́n kà á tán, wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọ́n ní kí n gbé e jáde, ṣùgbọ́n kí n má fi ẹ̀rín kankan sórí ẹ̀.

Torí náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi pín in, péèjì kan tẹ̀ lé òmíràn. Tí irú ẹ̀ bá ti ṣe yín rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n má rò pé èmi nìkan ni mo ya òmùgọ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi àwòrán ẹ̀rín dá mi lóhùn. Àǹtí Bùnmi ń kà á.