Eyín Tó Di Òòlù Mú

Ìyá Oníbọn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n kò yìnbọn rí láyé rẹ̀ àfi sínú àpò iyanrìn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Títún ìbọn ṣe ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń wò ó bí ẹni tó ń ṣeré, àfìgbà tí wọ́n rí i pé ìbọn tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í tètè padà wá.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ìlagi. Ìyá Oníbọn ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ti lọ́mọ kí òun tó lọ́kọ. Kò sí ohun tó sọ tí àbúrò náà ń bá a jiyàn lé lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò gbé ìbọn iṣẹ́ rẹ̀ wá. Irin kékeré tí wọ́n máa ń tì kí ìbọn má baà dún ti ń yọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Oníbọn yọ ọta inú rẹ̀, ó tú ìbọn náà palẹ̀, ó fi awò wo inú rẹ̀. Sípíríngì irin kékeré yẹn, irin ìdènà, ló dẹ̀, ìyẹn kò ṣòro. Ohun tí kò dára wà nísàlẹ̀ rẹ̀: eyín tó di òòlù inú ìbọn mú kó má lọ gbá ọta ti jẹ, ó ti fẹ́lẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun.

"Fi í sílẹ̀ níbí," ló wí. "Mo ní láti rọ eyín mìíràn sí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa wọṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Tí n ò bá gbé ìbọn dání, ọ̀gá á ní kí n máa lọ sílé. Ẹ ṣáà bá mi mú irin yẹn le, màá gbé e padà wá lópin ọ̀sẹ̀."

"Ìka ni irin yìí ń dá dúró o, kì í dá òòlù dúró. Tí ìbọn yìí bá fi ṣubú..."

"Ta ló máa jẹ́ kó ṣubú? Ohun tí ọwọ́ yín bá ti kàn, ó ti parí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn. Wọ́n ní yin ni yin ni kí ẹni lè ṣe mìíràn; ìyìn ọjọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó ṣe èyí tó yẹ. Ó pààrọ̀ sípíríngì, ó dán irin ìdènà wò, kò yẹ̀.

"Má ki ọta sí i," ló wí bó ṣe ń nà án sí i.

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìyá Oníbọn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fi òfìfo ìbọn ṣọ́ ibi tí olè ti wọ̀ rí. Ó mọ̀, kò sì pè é padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò ti irin ìdènà dáadáa, ó gbé ìbọn ti òkìtì pákó kan, ó lọ bọ́jú lẹ́bàá ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń la pákó níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́fẹ̀, ń bọ̀ wá kí i. Bí ẹnì kan ṣe tan ẹ̀rọ báyìí, ilẹ̀ gbọ̀n, ìbọn yọ̀ lára pákó, ó balẹ̀ gbì lórí sìmẹ́ńtì, ó sì dún. Kò sí ìka ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Orúnkún Ẹlẹ́fẹ̀ ni ọta náà bà.

Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí ọlọ́pàá bi Ìyá Oníbọn léèrè, kò fi nǹkan kan pa mọ́: òun rí eyín náà, òun mọ̀ pé ó ti jẹ. Wọ́n ní ìjàǹbá ni, wọ́n ní kó máa lọ. Lójú rẹ̀, ó sàn kí wọ́n kúkú bú òun.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni Ẹlẹ́fẹ̀ wí. "Ẹsẹ̀ yẹn náà, ọ̀lẹ ni tẹ́lẹ̀."

Ìyá Oníbọn kò lè rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí mo tọ́ ni," ló wí. "Ká ní mo sọ pé kò ní gbé e lọ, kò jẹ́ gbé e lọ."

"Ẹ̀ bá gba ìbọn náà lọ́wọ́ ẹ̀," ni Ẹlẹ́fẹ̀ wí. Kò fi èyí ṣe àwàdà.

Nílé, àbúrò ń sọ pé òun lòun ki ọta, ẹ̀gbọ́n ń sọ pé òun lòun nà án sí i. Bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀bi náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nìyẹn, títí ó fi sú wọn, tí wọn ò sì mẹ́nu bà á mọ́. Àbúrò fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀.

Ní báyìí, ìbọn tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kó tó rọ òmíràn sí i, ì báà jẹ́ ti ọba. Àwọn oníbàárà ń bínú, wọ́n ní olórí kunkun ni, àwọn mìíràn ti gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Ẹlẹ́fẹ̀ ti ń fi igi rìn. Tó bá ń kọjá lọ, ó máa ń kí i, ó sì máa ń dá a lẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbọn a dìde dúró nídìí tábìlì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àgbà.