Dùùrù Dúdú Tó Wà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ikán ló kọ́kọ́ bá wa jà. Wọ́n jẹ inú dùùrù onígi tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá, títí ó fi di pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, èémí nìkan ni mò ń gbọ́. Bàbá mi ló ń tẹ dùùrù náà kí ó tó kú, òun náà ló sì kọ́ mi. Aṣọ ni mò ń rán ní ojoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni mò ń tẹ dùùrù fún ìjọ Aládùúrà wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ yìí.

Màámi ni Ìyá Akọrin. Òun ló máa ń dá orin kí àwa yòókù tó gbè é. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni etí rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì gbà pé ó ń lọ. Bí o bá pè é tí kò dáhùn, yóò ní ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ sínú. Ṣùgbọ́n mo mọ ọgbọ́n tó ń dá. Ẹ̀gbẹ́ dùùrù ló máa ń dúró sí, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó rẹ̀, yóò sì di ojú. Ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó nípọn, a máa mi pákó náà. Ọwọ́ ló fi ń gbọ́ ọ, ibẹ̀ ló sì ti ń mú ohùn orin láìṣì í.

Nígbà tí ikán ba dùùrù jẹ́, ohùn Màámi kò ríbi fara tì mọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ orin sókè ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ kó wá máa gun òkè lọ bí ẹni ń wá ọ̀nà ilé. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọwọ́ sùtánà bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀, pé kí Ìyá lọ máa jókòó sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ẹ́? Bí wọ́n bá gba orin dídá lọ́wọ́ obìnrin yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ kó máa jí sí?

Nítorí náà, nígbà tí ìjọ pinnu láti ra dùùrù ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń pè ní kíbọ́ọ̀dù, tó ní ìlù àti gìtá nínú, tí wọ́n máa ń bá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá. Mò ń wá èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè dé ọwọ́ Màámi. N kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí mo bá ṣí ẹnu sọ pé etí Ìyá Akọrin ti ń di, ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò gba orin lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ìjọ ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí yóò yan dùùrù. Awakọ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lọ bá a nílé, mo ṣàlàyé títí pé ohùn ló yẹ ká wò, pàápàá ohùn ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó yọ igi kúrò láàárín eyín.

"Sístà, kíbọ́ọ̀dù ni kíbọ́ọ̀dù. Ṣebí gbogbo wọn ló ń kọrin?"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ fún un pé aṣọ náà ni aṣọ, kó jẹ́ kí n fi àpò ìrẹsì rán sùtánà tó ń bọ̀ fún un. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Tòkúnbọ̀ méjì ló wà tí agbára ìjọ ká. Èyí funfun wà ní Ọ̀yọ́ níbí, nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì. Èyí dúdú wà lọ́wọ́ Àlájì kan tó ń ta rédíò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ ra aṣọ tó bá èyí tó wà nílé mu, etí rẹ̀ ni mo máa gé díẹ̀, màá mú un lọ sọ́jà, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ̀hún. Ta ló lè gé etí ohùn? Inú orí lèèyàn máa gbé e sí, kó wá jókòó nínú ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, kó tó délé, ariwo ẹ́ńjìnì ti lé e jáde. Mo ro ó títí, mo yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ aládùúgbò kan, pé màá fi gba ohùn èyí dúdú wálé. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá.

Bàbá Ìjọ ń lọ kó iṣu ní Ìkòyí-Ilé, ó gbé èmi àti Màámi dání, ó já wa sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun ń padà bọ̀ wá gbé wa, òun náà yóò sì wá wò ó.

"Ẹ kú ìrìn o, Ìyá," ni Àlájì wí. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó síbí, ẹ fara balẹ̀. Ọjà yín nìyí."

Kí n tó jókòó, ó ti tẹ bọ́tìnì kan, dùùrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin fúnra rẹ̀, ìlù, fèrè, gìtá, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo kíbọ́ọ̀dù ló ní irú orin bẹ́ẹ̀ nínú, àwọn tó ṣe é ló kọ ọ́ síbẹ̀ láti fi fa ojú oníbàárà. Ẹni tó bá rà á kò ní lè tẹ irú rẹ̀ láéláé.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́."

"Ó ti dùn tó báyìí, ẹ ní kí n pa á?"

Ó pa á. Mo gbìyànjú ohùn fèrè, ó ń hó bí omi orí iná. Ohùn gòjé rẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún gbọ́ irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí i sí ohùn dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo tẹ ohùn ìsàlẹ̀ kan, tí mo dì í mú, ó dúró. Kò gbọ̀n, kò sì tán. Ikùn dùùrù náà ni sípíkà rẹ̀ wà. Tábìlì mì, ife Àlájì tó wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Màámi, tó ti ń wo ìta láti ìgbà tí a ti wọlé, dìde. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn dùùrù náà, ó di ojú. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kọrin, ó dá orin ìwọlé wa, ojú ohùn gan-an ló bọ́ sí. Kò sókè, kò sílẹ̀. A kọ ọ́ parí.

"Máṣàláhù!" ni Àlájì wí. "Ìyá, ohùn yín ṣì wà níbẹ̀ o."

Màámi kò gbọ́ ọ. Èmi ló yíjú sí. Ó ní, "Ohùn bàbá ẹ nìyí."

Omi lé sí mi lójú. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá bọ́tìnì kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, mo fi kásẹ́ẹ̀tì gba ohùn rẹ̀ dáadáa, mo sì fi okùn tí mo fi ń wọn aṣọ wọn ìbú àti òró rẹ̀, torí inú mi ti dùn, mo ti ń ro ìbora tí màá rán fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Ìjọ dé, ó ń fun fèrè ọkọ̀ lójú títì. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó na ọrùn wò.

"Dúdú ni?"

"Ẹ wọlé, sà, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Oòrùn ti ń wọ̀, Sístà. Iṣu wà lórí ọkọ̀."

Bó ṣe fi ojú wò ó nìyẹn, tí kò fi etí gbọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ lọ wo èyí funfun, mo bá wọn lọ. Ọlọ́jà náà ti so ó mọ́ sípíkà gàgàrà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ilẹ̀kùn. Òun náà tẹ bọ́tìnì, orin àdákọ bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ń mì tìtì. Ẹsẹ̀ Bàbá Ìjọ ti ń lu ilẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà àwọn sípíkà yẹn, ká gbọ́ ohùn tara ẹ̀."

"Ẹ̀yin ìyàwó yìí, kí ló dé tí ẹ fẹ́ ká dín ohun tó dára kù?"

"Ṣé ẹ máa kó sípíkà yín pọ̀ mọ́ ọn fún wa?"

Ó fajú ro, ó yọ wáyà. Ohùn tó kù dà bí ẹ̀fọn inú ìkòkò. Mo tẹ ohùn ìsàlẹ̀, mo dì í mú. Ó jáde bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì pòórá nígbà tí ìka mi ṣì wà lórí rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí i bóyá wọ́n gbọ́. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Orin àdákọ ni wọ́n ṣì ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn ń bi ọlọ́jà bóyá ó lè máa dá kọrin báyẹn lọ́jọ́ ìkórè.

Mo gbé rédíò mi jáde. Mo ní, "Ẹ gbọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ fi wé e." Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn tó mi tábìlì, tó mú ife Àlájì dún, jáde nínú rédíò kékeré yẹn bí oyin tó ń kùn nínú agolo. Bátìrì tún ti ń kú, gbogbo rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

"Èyí lo ń tìtorí ẹ̀ da gbogbo wa láàmú?" ni Bàbá Ìjọ wí.

"Sà, rédíò ni kò lè gbé e. Sípíkà rẹ̀ kéré, ohùn tó nípọn kò lè gba ibẹ̀ jáde."

"Ohun tí kásẹ́ẹ̀tì bá gbọ́ náà ló ń sọ, Sístà. Kò jẹ́ parọ́."

Ó sú mi. Mo ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí gbogbo yín fetí ara yín gbọ́ ọ. Ìgbà náà ló wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní ìjọ tí kì í wọ aṣọ dúdú wọnú ilé Ọlọ́run kò lè gbé dùùrù dúdú síwájú pẹpẹ.

Orí mi gbóná. Mo fi ìka tọ́ka sí èyí funfun. "Àwọn bọ́tìnì dúdú tó wà láàárín funfun yìí ńkọ́, sà?"

"Ìwọ̀nba ni wọ́n. Funfun ló pọ̀ jù."

"Màá fi aṣọ funfun bo ti Ògbómọ̀ṣọ́ láti òkè délẹ̀. Mo ti rán an tán, sà, ó wà nílé."

"Ṣé Ọlọ́run ò ní rí dúdú tó wà lábẹ́ aṣọ ni?"

Mo wo Màámi. Òun náà jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Akọrin. Bó bá sọ pé dúdú lòun fẹ́, wọn yóò gbọ́ tirẹ̀, torí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n wọn yóò bi í léèrè ìdí. Ó rí i pé gbogbo wa ń wo òun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Má bá àgbà fa ọ̀rọ̀," ló wí fún mi. "Èyí náà dáa."

N kò mọ̀ títí dòní bóyá ó tilẹ̀ gbọ́ ohun tí à ń jà lé lórí.

Wọ́n ra funfun. Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ rẹ̀, wọ́n gbàdúrà lé e, wọ́n wọ́n lọ́fínńdà sí i. Ìbora tí mo rán gùn jù ú lọ, torí dúdú ni mo fi wọ̀n ọ́n, ó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n so dùùrù náà mọ́ agbohùnsókè tó wà lórí òrùlé, tó kọjú sí títì kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́. Nítorí náà, òkè òrùlé ni ohùn ti ń dún, kì í ṣe inú dùùrù. Ìlù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mira nínú funfun. Bàbá Ìjọ ń fi orí sọ fún mi pé ṣé mo rí i báyìí.

Mo yí i sí ohùn dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ orin ìwọlé. Màámi bọ́ síwájú tìyì-tẹ̀yẹ, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi bó ṣe máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ bàbá mi. Ó ká ìbora kúrò díẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ike funfun náà, ó di ojú. Gbogbo ìjọ ń dúró dè é kó dá orin. Mo tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà tán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá ibi tó ń mì lórí ike náà. Mo tún un tẹ̀. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn. Mo fi gbogbo ọwọ́ òsì mi lé ohùn ìsàlẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́ títí èékánná mi fi funfun.

Màámi kò la ojú. Ó tẹ orí sí etí mi, ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ o, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo wa ń wò."