Ogún Kí Ni?

Káńfọ̀ àti fáìlì àtijọ́ ni yàrá ìgbàlejò bàbá mi ní Festac máa ń rùn. Títí di òní, ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá gbóòórùn káńfọ̀ níbikíbi, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ohun tó fà á. Yàrá yẹn ni mo jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Fíìmù ni mò ń ṣe nígbà náà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tẹ̀lé bàbá arúgbó kan tó ń hun àwọ̀n ìpẹja ní Abúlé Àdó, tó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kámẹ́rà kò sí lọ́wọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ló ní kí àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún fi fíìmù kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́; ẹni tó bá yege, wọn á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún méjì. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa tilẹ̀kùn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo máa pé ọgbọ̀n, nítorí náà kò sí pé mo ń dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Torí fíìmù yìí ni mo ṣe gba íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun sílé bàbá mi lọ́wọ́ bọ̀dá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agboju. Ó gbé pátákó dúdú kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ “Ogún Mẹ́gà! Iná ni!” sí i. Ọjọ́ tó wá kan àpótí kékeré rẹ̀ mọ́ ògiri wa, mo bi í bó ṣe yára tó.

“Àǹtí, ogún mẹ́gà ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Èyí tó ń wọlé àti èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ogún-ogún ni.”

Mo sọ fún un pé fáìlì mi jẹ́ gígàbáìtì mẹ́sàn-án. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí ni mẹ́sàn-án? Ó máa fò lọ ni.”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé. Gígàbáìtì mẹ́sàn-án jẹ́ mẹ́gàbáìtì ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án; mo pín in sí ogún, ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá irinwó ó lé àádọ́ta. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bàbá mi mú àpòòwé náà, ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa lọ káàkiri ọjà láti yẹ òṣùwọ̀n wò. Kóńgò tí wọ́n bá ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, tó kún lójú ṣùgbọ́n tí ohun inú rẹ̀ kò tó, ṣọ́ọ̀kì pupa ló fi ń fa ìlà sí i lára lójú gbogbo ọjà. Nílé, bí o bá ní kó fún ọ ní méjì, á bi ọ́ pé, “Méjì kí ni?” Kò ní fún ọ títí wàá fi dáhùn. Ó ní nọ́ńbà tí kò ní ìwọ̀n lẹ́yìn, ìhòòhò ló wà.

“Ogún kí ni?” ó bi mí.

“Mẹ́gà, Dádì.”

“Mẹ́gà kí ni?”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Èyí kì í ṣe gàrí.”

Ó gbé àpòòwé náà kalẹ̀, ó sì lọ jókòó. Mi ò tíì dárí gàrí yẹn ji ara mi.

Nítorí pé mo rò pé àyè pọ̀, mo ń tún ohùn fíìmù náà ṣe títí aago mọ́kànlá ààbọ̀ fi lù. Mo wá tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síwájú mi pé wákàtí kan ló máa gbà. Mo rò pé irọ́ ló ń pa. Ìgbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá ni mo tó lọ wádìí, tí ojú mi sì là. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń ka fáìlì. Bíìtì ni àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń ka bí tiwọn ṣe ń yára tó, bíìtì mẹ́jọ ló sì ń di báìtì kan. Pín ogún bọ̀dá yẹn sí mẹ́jọ, mẹ́gàbáìtì méjì ààbọ̀ péré ló kù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́; tèmi ò tiẹ̀ dúró dalẹ́. Nígbà tí aago méjìlá lù tí wọ́n tilẹ̀kùn, fíìmù mi kò tíì lọ dé ìdajì.

Mi ò sunkún. Inú ló ń bí mi. Mo wọ bàtà, mo kọrí sí Agboju. Bàbá mi wọ tirẹ̀ náà, ó tẹ̀ lé mi.

“Mi ò parọ́ fún yín, Àǹtí,” bọ̀dá náà wí, ara rẹ̀ balẹ̀. “Mẹ́gàbíìtì ni gbogbo wa ń tà. Ẹ ò bi mí.”

“Ṣé o mọ̀ pé báìtì ni mo rò pó jẹ́?”

“Gbogbo kọ́sítọ́mà ló ń rò bẹ́ẹ̀.”

Ká ní ó ní òun kò mọ̀, bóyá inú mi ì bá rọ̀. Ó mọ̀. Ó jẹ́ kí n pín in bó ṣe wù mí, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wá gbọ́ tí bàbá mi ní, “Kóńgò ni.” Ó ti bọ ọwọ́ sápò, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì pupa kékeré kan jáde, èyí tí mi ò mọ̀ pé ó ṣì ní lọ́wọ́. Ó fi lé mi lọ́wọ́. Lábẹ́ “Ogún Mẹ́gà” tó wà lára pátákó yẹn, mo kọ ọ́ pé: Ẹ pín in sí mẹ́jọ.

“Kọ ọ́ kó tóbi,” bàbá mi wí. Mo tún un kọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ iye kan fún mi, màá bi í pé kí ni, bí ojú rẹ̀ bá tiẹ̀ le. Mo ti rí i pé a lè fi òótọ́ rẹ́ni jẹ, bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ti mọ ibi tí ìwọ kò ní bèèrè. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá bàbá arúgbó yẹn ní Abúlé Àdó. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ti wo òun lókè òkun. Mo ní wọn ò wò ó. Ó ní kò burú, ó sì ń hun àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Ó burú.